Ọ̀dà oníhóró fún Hilux l'Ábújá: ibo ló yẹ kó dé, báwo la sì ṣe ń fín in tí kò fi ní ṣí?

AwakọKúje
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ti 2012 ni ọkọ̀ tí mo ń bèèrè fún, funfun ni. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn Kúje ló máa ń gbà. Òkúta wẹ́wẹ́ ti jẹ ọ̀dà ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn táyà, irin ti hàn níbẹ̀, ó sì ti ń dógùn-ún. Inú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn náà ti họ, síléńdà gáàsì àti àpò sìmẹ́ǹtì là ń kó síbẹ̀. Mo fẹ́ fín ọ̀dà oníhóró, irú Raptor yẹn, ọ̀dà tó nípọn tí ojú rẹ̀ ní hóró-hóró. Ṣé gbogbo ọkọ̀ ni àbí apá kan? Kíìtì mélòó ni máa rà? Ẹnì kan ní kí n ra bọ́dì ṣúùsì oníkóótà, ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ yẹn, pé owó rẹ̀ kéré, pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Pẹ́ńtàÀpò
Ẹ kú ìrìn o. Wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà, àwọn tó ń tà á sì máa ń pa orúkọ wọn pọ̀.

Bọ́dì ṣúùsì inú agolo kò ní hádénà, omi tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà kó lè gan. Èyí tó jẹ́ kóótà, abẹ́ ọkọ̀ nìkan ni kó wà. Òòrùn ibí á mú un rọ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá sì fín ọ̀dà lé e, kóótà náà á la ọ̀dà kọjá wá sókè, funfun á wá di aláwọ̀ ilẹ̀. Èyí tó jẹ́ rọ́bà sàn jù ú lọ, ó ṣeé fín ọ̀dà lé, ó dára fún inú ihò táyà, àmọ́ síléńdà gáàsì á ya á ní bẹ́ẹ̀dì.

Raptor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2K: ọ̀dà lọ́tọ̀, hádénà lọ́tọ̀. Òun ni tiyín. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí pẹ́ńtà ń lò àti ìbọn ṣúùsì ló ń fín in.

Ẹ̀kẹta ni polyurea gbígbóná, irú Line-X. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń mú apá méjèèjì gbóná tó sì ń tì í jáde pẹ̀lú agbára tó ju 1,500 psi lọ. Kò tíì ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tí á fi gan. Tí pẹ́ńtà kan tó ní ìbọn kékeré bá ní polyurea lòun fẹ́ fín fún yín, nǹkan mìíràn ló wà nínú ìgò rẹ̀.

Nípa iye: kíìtì Raptor kan ní ìgò 4, ọ̀dà mílílítà 750 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fi hádénà 250 kún un, ó di lítà 1. Tí ẹ bá fín in lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣírò lítà kan sí skúẹ́à mítà 2 sí 2.5. Bẹ́ẹ̀dì yín fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.5 lóòró àti níbùú, ògiri rẹ̀ kò ga tó ìdajì mítà: pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó skúẹ́à mítà 5. Ìgò 2 sí 2 àbọ̀ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, láti etí ìsàlẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 35 sókè, kò ju ìgò kan lọ. Kíìtì kan á ká a.

DúdúGwágwàládà
Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọn ò kúkú fín gbogbo rẹ̀? Òkúta kì í mọ sí ìsàlẹ̀ nìkan. Iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ń jẹ ẹ́, igi inú igbó sì ń ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lókè. Ọ̀dà oníhóró bo ibi tó ti ha, ó bo ibi tí panẹ́ẹ̀lì-bítà ò ti gbá dáadáa, kò sì tún sí pé à ń pọ́líìṣì. Ẹni tó bá ń wọ inú oko lójoojúmọ́, gbogbo ara ló yẹ kó wọ̀ ọ́.

ÌyáỌlọ́dà_Lúgbe
Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa igbó òótọ́ ni, ọkọ̀ oko pátápátá lè wọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Bí ẹnì kan bá fi ọ̀kadà gbá ilẹ̀kùn kan lọ́la, pẹ́ńtà tó máa tún un ṣe gbọ́dọ̀ mú hóró rẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu, èyí tó le ju kéèyàn mú àwọ̀ bára mu lọ. Kò ṣeé fi pọ́líìṣì tún ṣe. Lásìkò ọyẹ́, eruku á wọ inú àwọn hóró yẹn, kì í ṣe ohun tí aṣọ tútù lásán ń nù kúrò. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ọkọ̀ náà padà sí ọ̀dà dídán, híìtì gọ́ọ̀nù àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ lẹ máa fi máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra tòkúnbọ̀ á sì rò pé ẹ fi bo ìdógùn-ún tàbí ìjàǹbá ni.

Tí funfun bá di dúdú, ẹ rántí pé àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹ lọ ṣe àtúnṣe ìwé lọ́dọ̀ DRTS, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní VIO, kó má di wàhálà lójú títì.

Ní tèmi, inú bẹ́ẹ̀dì, ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀yìn táyà. Ibi tí òkúta ń bà gan-an nìyẹn. Etí iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, fíìmù PPF, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀dà, ló yẹ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ funfun, Raptor tó ṣeé pò mọ́ àwọ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè, kì í ṣe dúdú. Ẹ máa fi ọ̀dà bẹ́ẹ̀sì funfun ti Toyota yẹn kún un, kó má ju ìdá 10 nínú 100 lọ, kẹ́ ẹ tó da hádénà sí i. Ẹ po ti gbogbo ìgò tó máa lọ sára ẹ̀gbẹ́ pọ̀ nínú ike kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ tó pín in padà. Tẹ́ ẹ bá ń pò ó ní ìgò-ìgò, ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn kò ní jọra.

Lọ́jà, hádénà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, kí èdìdì ẹnu rẹ̀ wà. Tó bá ti rú bí omi ẹ̀kọ, tó ti ki, tàbí tí ó ní èérún funfun létí ìdérí, atẹ́gùn ọlọ́rinrin ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ọ̀dà gan. Ẹ má gba hádénà ilé iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ní "ó bá a mu".

AwakọKúje
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Apá kan náà la ó ṣe. Pẹ́ńtà kan ní òun á fi pẹtiróòlù nù ún, òun á fi sáńpépà rá a díẹ̀, òun á sì fín in, ọjọ́ kan ló máa gbà. Ṣé ọjọ́ kan tó? Ibi tó ti dógùn-ún ńkọ́?

Pẹ́ńtàÀpò
Ọjọ́ kan kò tó, pẹtiróòlù ò sì wọ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ sára irin, ọ̀rá yẹn gan-an ni ọ̀dà ò fẹ́. Ìdí tí ọ̀dà oníhóró fi ń ṣí bí awọ ejò kì í sábà jẹ́ ọ̀dà náà, abẹ́ rẹ̀ ni. Ọjọ́ méjì ìmúrasílẹ̀, wákàtí mẹ́ta fífín: bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ tú gbogbo ohun tó ṣeé tú: iná ẹ̀yìn, ìkọ́ okùn inú bẹ́ẹ̀dì, ìlà rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, rọ́bà ìdábòbò tó wà lẹ́yìn táyà. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò nínú gbogbo kọ̀rọ̀, kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tó ń pa ọ̀rá àti wáàsì nù ún kí ẹ tó fi sáńpépà kàn án. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rá a, ẹ ti ti ọ̀rá wọ inú ojú ilà sáńpépà nìyẹn. Aṣọ méjì lẹ máa lò, èyí tó tutù ń tú ọ̀rá, èyí tó gbẹ ń gbé e kúrò kí omi náà tó gbẹ. Aṣọ kan ṣoṣo kàn ń gbé ọ̀rá kiri ni.

Ìdógùn-ún: ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú dísíkì sáńpépà P80 títí irin funfun á fi yọ, kẹ́ ẹ sì lọ̀ ọ́ kọjá etí ibi tẹ́ ẹ ti rí i, torí ó máa ń rá pálá wọ abẹ́ ọ̀dà tó dà bíi pé ó dáa. Ẹ fi orí skrudíráfà gún un. Tó bá lu, kí wẹ́dà gé e, kó lẹ irin tuntun mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fílà bo ihò. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn Hilux sábà máa ń dógùn-ún láti inú wá, nítorí pé yẹ̀pẹ̀ ti dí àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde. Ẹ la àwọn ihò yẹn, ẹ sì fín wáàsì tó ń dáàbò bo irin láti inú sínú ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí gbogbo iṣẹ́ bá parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìta á dán, inú á máa jẹ lọ.

Irin tó bá hàn gba ẹpọ́sì praímà ọwọ́ méjì. Tẹ́ ẹ bá lo ásíìdì tó ń yí ìdógùn-ún padà, ẹ fi omi ṣan án dáadáa kó gbẹ, kí ẹ tó fín ẹpọ́sì, nítorí ásíìdì tó bá ṣẹ́ kù kì í jẹ́ kí ẹpọ́sì di irin mú. Ẹ tẹ̀lé àkókò tó wà lára agolo. Tí ẹpọ́sì bá ti kọjá ọjọ́ kan, ẹ tún fi sáńpépà rá a kí ẹ tó fín ọ̀dà oníhóró lé e.

Ọ̀dà àtijọ́ tó ṣì dúró dáadáa, ẹ má họ ọ́ kúrò, ìpìlẹ̀ tó dára ni. P180 sí P240 lẹ máa fi rá a títí kò fi ní dán mọ́ níbì kankan. Inú kọ̀rọ̀ àti ojú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí sáńpépà kò dé, ẹ lo kánrìnkán pupa Scotch-Brite. Ẹ fi fìtílà tàn án ní ẹ̀gbẹ́: ibi tó bá ṣì ń dán, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣí.

Tépù. Ẹ má fi ìwé ìròyìn bo ọkọ̀, tínà máa ń la á kọjá. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ṣásí, ihò omi, ojú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀dì, ìdè ilẹ̀kùn, àti sẹ́ńsọ̀ ìpadàsẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ní: ẹ bò gbogbo wọn. Sẹ́ńsọ̀ tí ọ̀dà tó nípọn bá bò kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹlẹ́rọKàdúná
Ẹ jẹ́ kí n fi ti atẹ́gùn kún un, ibẹ̀ niṣẹ́ ti ń bà jẹ́ jù ní ìhà àríwá yìí.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ 2HP tó ní táǹkì lítà 50 ló kéré jù. Ó ń jẹ nǹkan bíi kílówáàtì 1.5 tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lásìkò tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń fà ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA kò ní gbé e dìde. 5kVA sókè ni. Ohun tó sì mú kí èyí ṣe pàtàkì ni pé, tí hádénà bá ti wọ inú ìgò, kò dúró de iná. Bí iná bá lọ lójijì, ìgò yẹn á gan sínú ara rẹ̀ pẹ̀lú owó yín. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba, kẹ́ ẹ sì po ìgò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ onípẹtiróòlù bíi ti fọkanáísà ń tu ọ́ìlì tí páńpù rẹ̀ bá ti gbó. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn rẹ̀ sí bébà funfun fún ìṣẹ́jú kan. Tí ọ́ìlì tàbí omi bá hàn lójú bébà, ẹ má lò ó. Ẹ tú omi inú táǹkì dànù láàárọ̀, ẹ fi ohun tó ń gba omi kúrò nínú atẹ́gùn sẹ́nu okùn nítòsí ìbọn, kó jìnnà sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó mítà 8 sí 10, kí atẹ́gùn tó gbóná ti tutù kó tó dé ibẹ̀.

Fún inú bẹ́ẹ̀dì nìkan, rólà náà ṣeé lò tí kò bá sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó dára.

Pẹ́ńtàÀpò
Mo fara mọ́ rólà fún bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, nítorí ipa rólà á máa hàn ní ìlà-ìlà.

OníbéèrèKúbwà
Ẹ jọ̀ọ́, oṣù wo ló dára jù láti ṣe é? Òjò ń bọ̀, ọyẹ́ ń bọ̀, ooru oṣù Kẹta sì ń bọ̀.

Pẹ́ńtàÀpò
Oṣù Kọkànlá, kí eruku ọyẹ́ tó bo gbogbo nǹkan, ló tù mí lára jù láti dámọ̀ràn. Àwọn yòókù ṣeé ṣe, tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀nà wọn.

Hádénà yìí máa ń bá omi jà. Tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, gáàsì á jáde, inú ọ̀dà á kún fún ihò wẹ́wẹ́. Nítorí náà nígbà òjò, ẹ dúró títí ìrì á fi gbẹ lára irin, inú ṣẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe abẹ́ igi. Irin gbọ́dọ̀ gbóná ju ibi tí ìrì ń sẹ̀ lọ ní ìwọ̀n 3°C ó kéré tán. Ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, ìṣòro náà yí padà: ìgò tó ní ìṣẹ́jú 60 láti lò níbi tí ooru jẹ́ 20°C, ẹ ka tirẹ̀ sí ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ tó bá di 35°C. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀, kí ọkọ̀ ti sun sábẹ́ òjìji. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin, tẹ́ ẹ bá fà á kúrò kíá, ó ti gbóná jù. Nínú ọyẹ́, ẹ ta aṣọ sẹ́nu ṣẹ́ẹ̀dì, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ wọlé, kí ilẹ̀ náà sì ti gbẹ lójú.

Fífín fúnra rẹ̀ nìyí. Ẹ mi ìgò ọ̀dà fún ìṣẹ́jú 2, ẹ da hádénà dé ojú ìlà, ẹ tún mì í fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ dè é mọ́ ìbọn. Atẹ́gùn 40 sí 60 psi, ẹ kà á nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ ìbọn. Ẹ dúró sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára páálí. Atẹ́gùn tó kéré ń fúnni ní hóró ńlá, tó bá pọ̀ hóró á wẹ́. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù, á tutù, á ṣàn. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn lára páálí, ẹ má yí i padà mọ́ títí iṣẹ́ á fi tán, ọwọ́ ẹnì kan náà ni kó ṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ọwọ́ kìíní kò gbọdọ̀ bo ojú ilẹ̀ tán. Kó fẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ ṣì máa rí praímà láàárín hóró. Ẹni tó bá fẹ́ bò ó lẹ́ẹ̀kan náà ni ọ̀dà rẹ̀ ń ṣàn lára ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ dúró fún wákàtí kan. Ọwọ́ kejì, ẹ dábùú ti àkọ́kọ́. Nínú bẹ́ẹ̀dì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kọ̀rọ̀ iwájú, ògiri, kẹ́ ẹ tó fín ilẹ̀ rẹ̀ bọ̀ wá sẹ́nu téìlgéètì.

Ẹ yọ tépù nígbà tí ọwọ́ kejì ṣì tutù. Ẹ fà á padà sórí ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Tó bá di ọ̀la kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, etí ọ̀dà á ya bá a lọ, ibi tó bá ya yẹn ni omi á ti máa wọlé. Bó bá ti gan, ẹ fi réésà tuntun gé etí tépù kẹ́ ẹ tó fà á.

Nọ́ọ̀sìNyànyà
Ẹ dákun, ẹ má fi ọ̀rọ̀ èémí ṣeré. Ísósáyánéètì wà nínú hádénà 2K wọ̀nyí. Ó lè fa ikọ́ asima tí kì í lọ mọ́, ara tó bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan á máa kọ̀ ọ́ bó ti wù kó kéré tó. Òórùn rẹ̀ kì í kìlọ̀ fúnni. Aṣọ tí wọ́n fi ń bo imú nílé ìwòsàn àti áńkáṣíìfù kò dá a dúró. Ìbòjú tí atẹ́gùn mímọ́ ń wọ̀ láti ìta ló dára jù. Tí kò bá sí, ìbòjú onírọ́bà tó ní kátíríìjì A2P3 tuntun, tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀. Ìbọ̀wọ́ nítíráìlì, gọ́gúù, aṣọ tó bo apá. Ẹni tó bá ní asima kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń di tépù mú náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kì í ṣe ọ̀gá nìkan. Ẹ má ṣe é nínú ọgbà tí ọmọdé ń gbé.

DúdúGwágwàládà
Ọkọ̀ Prado kan wà níbí tí tirẹ̀ ti ń ṣí ní abala-abala, apá kan ní ojú bí ojú ẹja, ibì kan sì rọ̀ títí di ìsinsìnyí. Kí ló fà á?

ÌyáỌlọ́dà_Lúgbe
Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó ń ṣí ní abala, ẹ yí abala náà padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá ń dán, sáńpépà kò débẹ̀. Tí ìpàǹtí aláwọ̀ ilẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ìdógùn-ún ni wọ́n fín in lé. Ojú ẹja jẹ́ sílíkónì: ó wà nínú ohun tí wọ́n fi ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù àti táyà dán, tẹ́nì kan bá fín in nínú ṣẹ́ẹ̀dì kan náà, ó ti tó. Èyí tó rọ̀, hádénà kò tó tàbí ó ti bà jẹ́. Èyí kò ní gan láéláé, ẹ má fín nǹkan kan lé e, ẹ họ ọ́ kúrò. Àwọn méjì tó kù ṣeé gé etí rẹ̀ dé ibi tó dúró dáadáa, kẹ́ ẹ rá a, kẹ́ ẹ tún un fín.

AwakọKúje
Ó ti yé mi. Mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀gbẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ìgbà wo ni mo lè kó ẹrù, ìgbà wo ni mo lè fọ̀ ọ́? Ìbòrí táyà dúdú oníke tó wà lára fẹ́ńdà ńkọ́, kí wọ́n fín in mọ́ ọn?

Pẹ́ńtàÀpò
Ẹ tú ike yẹn sílẹ̀, ẹ fi sí i bó ṣe wà. Irú ike bẹ́ẹ̀ kì í di ọ̀dà mú láìsí praímà ike, bó tiẹ̀ wà, òun ló máa kọ́kọ́ ṣí torí pé ó ń tẹ̀.

Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì: ẹ̀gbẹ́ lọ́jọ́ kìíní, bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kejì, nítorí eérú ọ̀dà tó ń fò láti inú bẹ́ẹ̀dì á bà sórí ẹ̀gbẹ́ tó ṣì tutù. Ẹ lè wa ọkọ̀ náà lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 3. Síléńdà gáàsì àti sìmẹ́ǹtì, ẹ dúró pé ọjọ́ 7. Kí ọjọ́ 7 yẹn tó pé, kò sí ọṣẹ, kò sí ẹ̀rọ ìfọkọ̀ alágbára. Lẹ́yìn rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ tó tó. Ẹ má fi wáàsì kàn án, funfun rẹ̀ á há sáàárín hóró.

Ìgò tó bá ṣẹ́ kù tí ẹ kò tíì da hádénà sí, ẹ dè é pa, ẹ gbé e síbi tí kò gbóná. Òun lẹ máa fi tún ibi tí òkúta bá ṣá ṣe: ẹ rá àyíká rẹ̀ pẹ̀lú kánrìnkán pupa, ẹ pò díẹ̀ ní ọ̀dà 3 sí hádénà 1, ẹ fi fóòmù kékeré tẹ̀ ẹ́ títí hóró á fi jọ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.